Garawa Méjì Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Ní Át-Báṣì, níbi tí orúkọ ìlú ń jẹ́ Orí-Ẹṣin,
òtútù a máa bu ni létí jẹ bí ajá.
Ìyá àgbà Búrúmákàn kì í bi mí pé ṣé mo jí ire.
"Ṣó ti mumi?" ló máa ń wí,
mo sì mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń bèèrè.

Àáké ni mo kọ́kọ́ ń gbé.
Yìnyín ojú ọpọ́n nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́,
ó ń dún kọ̀ngọ̀, kò fẹ́ gbà,
títí yóò fi lanu.
Mo da omi gbígbóná ìkòkò kan là á
kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun.

N kò mọ èyí lọ́dún tó kọjá.
Ọmọ Bíṣíkẹ́ẹ̀kì ni mí nígbà náà, ọmọ ilé alájà mẹ́sàn-án,
inú ògiri ni omi mi ti ń jáde.
Mo rí Káṣíkà tó ń fi ètè ha òjò dídì,
mo ní, ṣebí omi náà nìyẹn.
Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bu ọkà báálì fún un,
igbá kan, igbá kejì,
mo tún gbọn ìdí àpò sí i.
Inú mi dùn pé mo ṣoore.

Lóru ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀,
ó ń bojú wo ìhà ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn.
Ìyá àgbà fi etí lé e níkùn.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Kẹ́kẹ́ pa níbẹ̀.
Ikùn ẹṣin tó dákẹ́ kì í ṣe ikùn tó yó."
Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, nínú bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú,
ó fa ẹṣin yí àgbàlá ká
títí òṣùpá fi wọ ẹ̀yìn òkè.
Kò bá mi wí. Ì bá tiẹ̀ bá mi wí.
Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ Káṣíkà yàgbẹ́,
ìgbẹ́ gbígbóná, ooru ń yọ lára rẹ̀,
àfi bíi pé wọ́n bímọ nílé wa.
Ìyá àgbà jókòó sórí òjò dídì, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kọ́ mi.
Koríko gbígbẹ ni iná tó ń pẹ́ nínú ẹṣin,
ọkà kàn ń jó fìrì ni.
Òùngbẹ a máa sùn lásìkò òtútù, iyọ̀ ló ń jí i.
Má fojú wọn ẹṣin, irun ń purọ́:
ki ọwọ́ bọ inú irun, wá egungun ìhà.
Irin ìjánu ńkọ́? Há a mọ́ abíyá kó yá díẹ̀,
ahọ́n ẹlòmíràn ni.

Wọ́n ní ẹní gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.
Mo ti bọ́ sílẹ̀.
Bíbọ́ ẹṣin ló kù.

Lọ́dún yìí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé àgbàlá mọ́.
Káṣíkà tẹnu bọ garawa,
bó bá ti gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ a mì lẹ́ẹ̀kan.
Mo ń kà á.
Mo wọlé, n kò tíì bọ́ bàtà.
"Mélòó?"
"Mẹ́tàdínlógójì."
Ó yíjú sí ògiri, ó fa aṣọ bora.
"Gbé èkejì lọ."