Ìgbà Méje Lábẹ́rẹ́ Kọjá

Bàbá mi kò gbà pé ara ènìyàn nílẹ̀kùn.
Ó jókòó sétí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ wa,
àwọ̀n tó ya lórí itan, abẹ́rẹ́ igi láàárín eyín.
Ó ní, "Mùíbátù, ẹnu la fi ń gbé oògùn mì.
Èwo ni tilẹ̀kùn níbẹ̀?"

Mo gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Wọlé, jáde, wọlé, jáde,
wọlé, jáde, wọlé.
"Ẹ kà á." Ó kà á. Méje.
Orí òwú ṣẹ́ kù síta,
ìdí rẹ̀ rọ̀ sínú.

"Ọ̀rá ni ògiri sẹ́ẹ̀lì, Bàbá,
àlejò kì í kàn dédé gbabẹ̀ wọlé.
Purotéènì kan ló rán ara rẹ̀ mọ́ ọn báyìí.
Agbọ́kànkùn lèmi ń pè é.
Ẹni tó kànkùn, ìta ló ń dúró sí,
inú ilé ni yóò mì.
Ọmọ ìyá mẹ́ta ń tòògbé lẹ́yìn ògiri;
bí òwú bá ti yí díẹ̀,
àgbà wọn á ju ohun àná ọwọ́ rẹ̀ nù, á mú tuntun,
á fi àbúrò méjì tí kì í yara sílẹ̀,
á sáré lọ jíṣẹ́:
ẹ dẹ okùn tó fún ọ̀nà ọ̀fun, kí èémí rọ́nà gbà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ta ló rí wọn?"

N kò rí wọn.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ta ínhélà búlúù ní Pópó-Òbà,
n kò rí ilẹ̀kùn kankan.
Òru Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mo gbọ́ bó ṣe tì.

Èéfín ẹja Ìyá Sàúdátù ló kọ́kọ́ wọlé.
Ṣùgbọ́n àyà Bàbá ti ń já láti àárọ̀,
ó sì ti lọ tọrọ hóró kan lọ́wọ́ Àlàájì Sùnmọ́nù,
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.
Kò sọ fún mi. Èmi, ọmọ rẹ̀, tí mo ń ta oògùn!

Mo fọ́n búlúù lẹ́ẹ̀kan.
Lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mẹfà.
Fée, fée, ni àyà rẹ̀ ń dá mi lóhùn.
Hóró Àlàájì ti ki ara rẹ̀ bọ ihò kọ́kọ́rọ́,
kò yí, kò jáde,
àlejò tèmi ń kànkùn, kànkùn,
ẹlòmíràn ti fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀kadà ló gbé wa dé ọsibítù,
Bàbá láàárín, èmi lẹ́yìn tí mo dì í mú.
Nọ́ọ̀sì Ọ̀nàfowókàn bi í, "Kí lẹ lò?"
Kò lè sọ̀rọ̀. Ó fi èékánná ìka kékeré júwe ìwọ̀n rẹ̀.
Ó yé obìnrin náà.
Ó fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, ó lọ bá òmíràn,
èyí tó máa ń gbọ́ "ẹ fún un pọ̀, ẹ fún un pọ̀",
ó fi ìkùukùu oògùn dí i létí.
Kí wọ́n tó pèrun àsùbá
Bàbá ti bèèrè ẹni tó máa san owó ọ̀kadà.

Ní báyìí ó ń ta kókó mọ́ àwọ̀n, ó ní,
"Irú ilẹ̀kùn yẹn, mélòó ni?"
"Bí ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ. Ìdajì wọn, òórùn ni iṣẹ́ wọn,
àwọn ló ń sọ fún yín pé ẹja ti ń rà."
"Ṣé ẹ ti mọ kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn?"
"Rárá o. Ó ku àwọn kan tá ò mọ ẹni tó ń kàn wọ́n.
Ọmọ òrukàn làwọn onímọ̀ ń pè wọ́n."

Ó dákẹ́ pẹ́.
Ó wo òwú méje mi, tó wọ́, tí kò dọ́gba,
kò tú u.

Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀bọ̀kún ńlá kan gba ibẹ̀ lọ.
Ó ní ẹ̀bi mi ni,
ó ní ilẹ̀kùn tí mo rán kò mọ bí wọ́n ṣe ń tì.