Òǹkà Tó Já Bọ́

Abẹ́ tábìlì ni mo wà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
nílùú Akron tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń rùn bí rọ́bà tó jóná.
Lókè orí mi, ìyá mi Verna ń fi abẹ gé ọ̀rọ̀,
ó ń fi ìda gbígbóná kùn ún, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.
Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ ni. Ojú ewé kẹrìnlá, ìlàjì òkè:
Ẹgbẹ́ Eyín Irin ń gbé àwo tuntun jáde.

Ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ kò kún ẹnu:
ÀRÁ TI DÉ! Ẹ DI ETÍ YÍN MÚ!
17, OṢÙ KẸTA. DỌ́LÀ MÁRÙN-ÚN DÍN SẸ́ǸTÌ KAN.
Lábẹ́ rẹ̀, fótò: ọkùnrin mẹ́rin níwájú òkìtì táyà,
kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn,
irun ti bo etí tí wọ́n ní ká dì mú.
Ìyá mi na ìka sí èyí tó wà lápá ọ̀tún.
"Delbert ilé kejì nìyẹn. Bí àrá bá sán,
abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ló ń sá sí."
Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gé irun rẹ̀ tó yọ kọjá ìlà.

Ó máa ń sọ pé ìpolówó táyà rọrùn:
ya táyà, kọ iye rẹ̀, ó parí.
Ṣùgbọ́n ta ní í ya ariwo gìtá?
Ìwé ò lọ́fun, tàdáwà ò lóhùn,
bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kiri ọjà kò gbọdọ̀ yadi.
Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi ń sanra, tí dúdú ń dúdú sí i,
tí àmì ìyanu ń tò bí ọ̀pá ọgbà,
kí ojú lè gbọ́ ohun tí etí kò tíì rí.

Òtútù ò jẹ́ kí ìda mú dáadáa.
Láàárín tábìlì àti kámẹ́rà, oókan iwájú eéje já bọ́,
fẹ́rẹ́, kò dún, bí èékánná tí a gé.
Ẹgbàá mẹ́fà ìwé jáde pẹ̀lú irọ́ ọjọ́ mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ keje, yìnyín ń bọ́.
Wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù Casimir Dudek láti aago mẹ́fà:
àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níṣẹ́ òru, èérí dúdú lọ́rùn,
ọmọbìnrin kan tó gé ìpolówó náà, tó ká a sínú ìbọ̀wọ́
bí ẹni tó mú ìwé ẹ̀rí lọ sí kóòtù.
Casimir pe ìyá mi lórí fóònù: "Verna, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"
Ẹyọ kan péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi ta rédíò lọ́rẹ,
kò tilẹ̀ ní àwòrán lára.
Ó ṣílẹ̀kùn. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Àrá kò sán.
Orin àkọ́kọ́ rọra wọlé, wínníwínní,
Delbert ń kọrin nípa ọwọ́ bàbá rẹ̀
tí ọṣẹ kankan ò lè fọ òórùn rọ́bà kúrò níbẹ̀.
Ìyá mi dé, mo tẹ̀ lé e. A bá wọn lórí ìdúró,
yìnyín ń yọ́ kúrò ní bàtà wọn sórí pákó,
kò sẹ́ni tó di etí mú.
Bàbá òṣìṣẹ́ òru kan ṣí fìlà.

Àwọn tó padà wá lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, n ò mọ iye wọn.
Ilé-iṣẹ́ yọ dọ́là mọ́kànlá nínú owó ìyá mi,
wọ́n sì tún ìpolówó náà tẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ tọ́,
ÀRÁ TI DÉ ṣì wà níbẹ̀ gàdàgbà.

Oókan náà, abẹ́ bàtà mi la ti bá a lẹ́yìn oṣù méjì.
Ìyá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì.
A ti pààrọ̀ fíríìjì lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà; ó ń bá wa kó.
Kò polówó ohunkóhun.
Bí mo bá fẹ́ mú wàrà, mo máa ń kà á.