Ibi Tí Mo Dúró Sí

Pápá ilé-ìwé kan ní Bọ́sò, ní Mínà,
oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti fi eruku pa òkè Páídà rẹ́.
Bọ́sò wọ aṣọ aláwọ̀ ewé,
Súlèjà wọ pupa tó ti ṣá.
Béèsì kejì jẹ́ àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n rọ yanrìn sí;
ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí bí òpó iná,
èmi adájọ́, ọwọ́ nínú àpò nítorí òtútù.

Igi ró: pàà!
Táláátù ń bọ̀, bàtà ilé-ìwé rẹ̀ ń hú eruku,
ó fi ìbàdí yọ̀ wọlé.
Mo rí ẹ̀yìn ọmọ tó gba bọ́ọ̀lù.
Ẹ̀yìn nìkan ni mo rí.
Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, "Ó kú!"

Kò bá mi jà.
Ó kàn na ìka sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì,
ó wò mí,
ó gbọn ara rẹ̀, ó jáde lọ.
Èébú ìbá sàn.

Bàbá Gímbà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan,
akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́,
síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.
Ó fi ìtì igi fa ilà sílẹ̀:
"Ẹ̀yin Yorùbá lẹ ń pa òwe agbẹjọ́ ẹnìkan dá.
Ẹni tó dúró sójú kan, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́ yẹn.
Bí bọ́ọ̀lù bá kúrò lára igi, ìwọ náà kúrò.
Ìtòsí kọ́ ni mo ní kí o wá,
àlàfo ni, láàárín ìbọ̀wọ́ àti ẹsẹ̀.
Sáré. Ṣùgbọ́n dúró kí o tó wò:
ojú tó ń sáré, irọ́ ló ń rí.
Kí o sì tẹ́tí. Ẹsẹ̀ ní ohùn, awọ ní ohùn.
Èwo ló kọ́kọ́ fọhùn?"

Nígbà tí igi tún ró,
ẹsẹ̀ mi ti ṣí kí etí mi tó gbọ́.
Mo gé inú pápá kọjá, ètè mi ti ya fún ọyẹ́,
mo yí, mo dúró bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.
Ọmọ Súlèjà yọ̀ wọlé.
Ẹsẹ̀: tẹ̀.
Awọ: pọ́.
"Ó yè!"
Gbogbo Bọ́sò hó lé mi lórí.
Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ náà sì ṣe wọ́n léṣe.

Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi pàdánù.
Mo mọ ibi tó wà: lábẹ́ bàtà Táláátù.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ kí oòrùn tó yọ.
Kò sí ẹnì kankan,
àfi ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ lórí béèsì kejì.
Mo sáré, mo yí i ká,
mo dúró, mo wò ó dáadáa.
Ó yè.