Ẹsẹ Kẹta

Ní Butte, ní Montana, níbi tí a ti ń wa bàbà lábẹ́ ilẹ̀,
alẹ́ Sátidé ni Beartla máa ń kọrin.
Kì í dìde. Kì í wojú ẹnikẹ́ni.
Á dijú pa, á kọjú sí ògiri,
ẹni tó bá jókòó tì í á sì di ọwọ́ rẹ̀ mú,
á máa yí i, á máa yí i,
bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn.

Orin ọmọbìnrin kan ni, tí wọ́n fipá gbalé bàbá rẹ̀,
tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀,
tó dúró létí òkun, tó ń retí ọkọ̀.
Ìyá mi ní kì í ṣe ọmọbìnrin.
Ilẹ̀ wa ni.
Nígbà tí ọlọ́pàá ń dẹtí lẹ́nu ọ̀nà,
ta ni yóò pe òmìnira lórúkọ?
A pè é ní olólùfẹ́, a sunkún rẹ̀ ní gbangba.

Òru tí mo kúrò ní Carna,
wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n bu tábà sáwo,
wọ́n ṣe àìsùn òkú mi, èmi tí mò ń mí,
èmi tí mo bá wọn jó títí ilẹ̀ fi mọ́.
Bàbá mi kò sọ̀rọ̀. Igi ló fi ń tú eérú.
Mo fi bàbá sílẹ̀, mo wá bàbà lọ.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí,
Beartla dé ẹsẹ kẹta, ó dákẹ́.
Eruku ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀;
àfàìmọ̀ kó má ti jẹ orin náà mọ́ ọn.
Mo ṣì ń yí ọwọ́ rẹ̀. Kànga ti gbẹ.

Àfi Nóirín, ọmọ onílé,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò rí òkun rí,
tó gba orin náà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.
Ó ṣì í kọ. Níbi tí a ti ń wí pé ọkọ̀ ń bọ̀,
ó ní ọkọ̀ ti dé.
Kò sẹ́ni tó tún un ṣe.

Ẹsẹ orin kò ní ẹsẹ̀,
ó sì bá wa wọkọ̀, kò san kọ́bọ̀.

Beartla lajú. “Ta ló kọ́ ẹ?”
“Ìwọ náà ni.”
Ó tún kọjú sí ògiri,
ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi,
ó nà án sí ọmọ náà.