Ẹní Láàárín Wa

Ní Gwagwaládà, ọyẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé,
eruku rẹ̀ bà lé rọ́bà omi tó ń kán
tó... tó... tó...
sínú iṣan Ìbíyẹmí.
Àwọn ará ilé pè láti Òmù-Àrán:
"Yóò dára. Ìwọ ṣáà gbàgbọ́."
Mo ṣe àmín títí àmín fi sú mi lẹ́nu.

Laraba kò sọ bẹ́ẹ̀.
Ọmọ tirẹ̀ ló wà lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé tiwa.
N kò gbọ́ Haúsá, kò gbọ́ Yorùbá;
"sannu" nìkan ló wà láàárín wa,
àwa méjèèjì ń sùn lé e bí ẹní.

Lóru tí ara ọmọ mi gbóná bí ààrò,
ó tú ìborùn rẹ̀, ó rì í sómi,
ó fọwọ́ júwe ẹnu ọ̀nà fún mi:
kí n lọ sunkún mi tán.
Mo sun ún lábẹ́ igi dógóyárò.
Ìgbà tí mo padà, ó ń ka ìka ẹsẹ̀ ọmọ mi,
daya, biyu, uku,
ó ká a dé mẹ́wàá, ó tún bẹ̀rẹ̀,
Ìbíyẹmí sì ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ti ká aṣọ ibùsùn wọn.
N kò tíì bi nọ́ọ̀sì.
Mo ra kunu gbígbóná, ife méjì.
Mo ń wo ẹnu ọ̀nà.