Táǹkì Ránṣẹ́, Iṣẹ́ Ò Dé

Epo ogójì pọ́n-ùn ni mo rà ní Rochdale lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
etí mi ló gbọ́ bó ṣe ń ró wọ inú táǹkì.
Kí n tó dé ilé Ìyá Kershaw tí mo fẹ́ lọ wẹ̀ fún,
abẹ́rẹ́ gééjì ti wó lulẹ̀
bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.
Odindi táǹkì, ó ní òfìfo ni.

Gáráàjì ńlá ojú títì kọ iye lé bébà fún mi:
okòó lé nírinwó pọ́n-ùn, páǹpù tuntun, ọjọ́ mẹ́ta.
Ọjọ́ mẹ́ta! Ta ni yóò fún Ìyá Kershaw lóògùn?
Mo ká bébà náà, mo wa mọ́tò mi lọ bá Làmídì ará Ìwó
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì,
níbi tí òjò ti ń gba ihò páànù kán sínú korobá.

Ó ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ sítíárì.
Lẹ́tà U jáde, nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀ lé e.
"Ẹ wo U yìí dáadáa. Kò sọ pé nǹkan kan kú o.
Ohun tó ń wí ni pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀,
ẹnì kejì ò gbọ́."

Ó gbé àga ẹ̀yìn kúrò.
Búrẹ́dì gbígbẹ, síbí ọmọ mi,
ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan tí mo ti ń wá láti oṣù Kejì.
Ojú tì mí. Kò wo ibẹ̀.
Ó ń fi mítà kan wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí a ti ń tẹ ikùn ọmọ tó ń sunkún:
ṣé ibí ni? àbí ọ̀hún?
Fúlóòtù inú táǹkì dáhùn, ara òun le.
Dáṣíbọ́ọ̀dù dáhùn, òun náà ò ṣẹ̀.
"Ó yá, ẹ jẹ́ á bi ará àárín."

Ará àárín ni pulọ́ọ̀gì kan tí kò ju èékánná lọ,
ó sá pamọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó rin gbingbin.
Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ ẹ́,
ẹnu rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé bí idẹ àtijọ́.
Làmídì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu fúù,
ó ní, "Ẹ ṣíná."

Abẹ́rẹ́ gbọ̀n. Ó ro ó wò.
Ó wá ń gòkè, díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń dìde lórí àga.

Pọ́n-ùn márùndínlógójì ló gbà.
Ó ní bí òjò bá tún pọ̀, kí n padà wá.
Ìgbà wo ni òjò ìlú yìí kì í pọ̀?
Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ máìlì sí i;
gééjì ti dójú tì mí lẹ́ẹ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń bọ̀bọ̀sẹ̀ fún Ìyá Kershaw,
ó bi mí bóyá mo ti jẹun.
Mo ní mo ti yó.
Ó wo ojú mi, ó pẹ́ kó tó ṣẹ́jú,
ó sì rọra ti agolo bisikíìtì sọ́dọ̀ mi.