Èékánná Penka

Òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Balkani,
ó jókòó ti ọjà Karlovo bí ológò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè.
Mò ń ṣọ́ igi róòsì fún Ọ̀gá Radko:
ogójì igi, ìhòòhò gbáà, kò séwé, kò sí erùpẹ̀,
gbòǹgbò wọn nínú àpò ìdọ̀họ tútù.
Ọ̀gá so àwòrán mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́rùn,
òdòdó pupa tó tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ.

Penka ò wo àwòrán.
"Ta ni yóò gbin bébà?"
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún,
ó fi èékánná họ èèpo igi àkọ́kọ́,
ó rí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ.
"Òkú lẹ fẹ́ tà fún mi."
Òmíràn ti yọ ọ̀mùnú funfun, gígùn, hẹ́gẹhẹ̀gẹ.
"Èyí sáré jí. Yìnyín yóò pa á."
Ibi tí wọ́n ti lọ́ igi méjì pọ̀ ló pẹ́ sí jù,
ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ orúnkún ọmọ tó ṣubú.
Ó dé orí ìkarùn-ún, ó fa gbòǹgbò síta:
kókó kan wà níbẹ̀, wúruwùru bí atalẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.
Èmi ni mo yí i sẹ́yìn láàárọ̀.
Penka wo ojú mi, kò wí nǹkan kan.

"Ká ní mo họ ọkọ mi àkọ́kọ́ báyìí wò ni!"
Ìyá ẹlẹ́yin ló sọ ọ́ fún,
àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Igi kan wà nílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, a ti jù ú nù,
ó wọ́, àwòrán rẹ̀ ti já.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e.
Ẹ̀ka mẹ́ta, wọ́n nípọn tó ìka;
gbòǹgbò kéékèèké pọ̀ bí irùngbọ̀n àgbà.
Ó họ ọ́:
àwọ̀ ewé, tútù yọ̀yọ̀.

Mo ní kó máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́.
Ó ka léfà mẹ́jọ sí mi lọ́wọ́, owó igi tó pé.
"Ohun tó ní ìyè ní iye."

Ọ̀gá ti ibi kọfí dé, ó ní èwo ni mo tà.
Mo nawọ́ sí ilẹ̀ òfìfo.
Nígbà tó kẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ àwọn tó kù,
ọ̀kọ̀ọ̀kan,
títí èékánná kan fi tútù bí ewé,
tí mẹ́rin yòókù dúdú bí ilẹ̀.